Ọdún méjì pẹ̀lú rédíò ọlọ́wọ́-yíyí tí mo rà lọ́jà Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tó ẹni mẹ́rin tó ti bi mí léèrè, lọ́nà oko àti lẹ́yìn ìsìn, pé rédíò kékeré dúdú tí mo máa ń gbé kọ́ èjìká yẹn, ṣé ó dáa, ṣé kí àwọn náà lọ ra tiwọn. Mo ti ń lò ó láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Mo ti rí dáadáa rẹ̀, mo sì ti rí àléébù rẹ̀. N ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, títí kan ohun tí n kò mọ̀ pé rédíò lè fi hàn mí nípa ara mi.

Epo ló mú mi rà á. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún yẹn, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ń gbọ́ ìròyìn alẹ́ di ohun tí a da aṣọ bò ní kọ̀rọ̀. Iná ìjọba ní tiwa, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yàgbà mọ̀ ọ́n: ó lè wá lálẹ́ òní kó má tún yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí, bí n kò bá sì gbọ́ ìròyìn kí n tó sùn, ó máa ń dà bí ẹni pé mi ò tíì jẹun.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti okùn ṣáàjì lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu ló tà á fún mi. ₦12,000 ló pè é, mo san ₦9,500. Ó tóbi tó ìwé orin ìjọ. Ọwọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a máa ń fà yọ, tí a ó sì máa yí bí ìgbà tí aránṣọ bá ń yí máṣíìnì ọlọ́wọ́. Sólà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé wà lórí rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wà nímú rẹ̀, ihò tí a ó ki okùn fóònù bọ̀ sì wà lẹ́yìn. Ó ń gbé FM, ó ń gbé AM, ó sì ń gbé shortwave, ìyẹn èyí tó ń gbọ́ ohùn ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọwọ́ yíyí bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ dán wò. Bí mo bá yí i fún ìṣẹ́jú kan, mo máa ń rí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọ́, bí mo bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kó máa pariwo bíi ti olórin òde, kò ní tó márùn-ún. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ máa yí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bá yín yí i.

Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Trevor Baylis ló gbé rédíò ọlọ́wọ́-yíyí yìí jáde. Ní 1991, ó jókòó nílé rẹ̀, ó ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa bí àrùn éèdì ṣe ń tàn ní Áfíríkà. Wọ́n ní rédíò ni ì bá gbé ọ̀rọ̀ ìlera dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, àmọ́ iná kò sí, owó bátìrì sì ju agbára wọn lọ. Àwòrán lásán ló rí, ilẹ̀ àjèjì sì ni. Síbẹ̀ ó dìde, ó wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan mọ́ nǹkan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká bíi ti aago ló fi sínú tirẹ̀, bátìrì ló wà nínú tèmi. Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti wá ń ṣe é, àwọn aláàbọ̀ ara sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2018 ló kú, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń yí ọwọ́ yìí. Ẹnì kan rí àjèjì nínú àwòrán, ara rẹ̀ kò sì gbà á kó jókòó. Èmi tí mo wá ní rédíò náà lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ bó ṣe rí fún mi.

Sólà rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tó lò. Bí mo bá gbé e sórí páànù láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin, mo máa ń gbọ́ rédíò gbogbo alẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà òjò, ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lórí rẹ̀ láràárọ̀. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju iye tí mo san lọ. FM kò fi bẹ́ẹ̀ wá nínú ilé mi torí àwọn òkè tó yí wa ká. Ẹni bá wà lórí òkè ló ń gbádùn rẹ̀.

Éríà rẹ̀, irin gígùn tó ń fa ohùn, kò dáa. Oṣù kẹta ló kán ní ìdí. Mo gbé e padà lọ bá ọmọkùnrin náà, ó ní bí nǹkan bá ti kúrò níwájú òun, ó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Mo wá so wáyà kọ́pà mọ́ kùkùté rẹ̀, mo fà á gba ojú fèrèsé lọ sórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà náà, shortwave mi ń mọ́ ju ti ọjọ́ tí mo rà á lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ẹ má dúró dìgbà tí yóò kán, ẹ yáa so wáyà tiyín.

Ìròyìn Haúsá ti BBC ni mo máa ń gbọ́ jù lálẹ́. Àwa ará Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kì í ṣe àjèjì sí Haúsá, Ẹkùn Àríwá ni wọ́n kó wa sí láyé àtijọ́, Kàdúná sì ni àwọn bàbá wa ń lọ wá iṣẹ́ bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń lọ sí Ìbàdàn. Èmi gan-an, ilé ìfìwéránṣẹ́ Màídúgùrì ni mo ti ṣiṣẹ́, láti 1981 sí 1989. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo ra rédíò yìí ni mo ti mú ìwé kan, mo ń kọ ohun tí mo gbọ́ lálaalẹ́ sínú rẹ̀: ilé iṣẹ́ wo ni, ṣé ohùn mọ́, ṣé bátìrì pẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá owó mi kò ṣègbé ni.

Ojú ewé méjì nínú ìwé yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Èkínní nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an: “11 oṣù kẹsàn-án 2023. Haúsá, ohùn mọ́ gaara. Líbíà, omi. Ọwọ́ rédíò há mi ní ọmọńdinrín, ẹ̀jẹ̀. Ìdè ọwọ́ náà ti dẹ̀.”

Ohun tí mo pè ní “Líbíà, omi” ni ìlú Derna. Ìjì tí wọ́n ń pè ní Daniel da òjò sórí òkè, dáàmù méjì já lóru, omi sì gbá àdúgbò lódindi lọ sínú òkun pẹ̀lú àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní, “Háà, Olúwa.” Ìyàwó mi fi omi iyọ̀ nu ìka mi, ó fi aṣọ wé e, mo sì lọ sùn. Ìka yẹn jí mi lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Derna kò jí mi.

Ojú ewé kejì wá ku ọjọ́ kan kó pé ọdún kan. “10 oṣù kẹsàn-án 2024.” Ọjọ́ náà nìkan ló wà níbẹ̀. N kò kọ bóyá ohùn mọ́, n kò kọ ti bátìrì.

Lọ́jọ́ yẹn, dáàmù Alau tó wà lórí odò Ngadda já, omi sì wọ Màídúgùrì lóru. Bí oníròyìn ṣe ń dárúkọ àdúgbò ni mò ń rí i: Gwange, níbi tí mo gbé, Monday Market, níbi tí mo ti ń ra ẹja gbígbẹ tó ń ti Bàgà wá, ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo fi kẹ̀kẹ́ gbà fún ọdún mẹ́jọ lábẹ́ àwọn igi dógóyárò. Ni wọ́n bá fi ohùn obìnrin kan sórí afẹ́fẹ́. Ó ní, “Ruwa ya zo da dare.” Omi dé lóru. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú rédíò, ó wá ní òun di ọmọ méjì mú, ọwọ́ òun kò tó ẹ̀kẹta. Mo dìde dúró nínú yàrá. Bátìrì ti ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ rédíò bí ẹni pé èmi ni mo máa fa ọmọ yẹn jáde. Mo yí i títí apá fi ń ro mí. Ìyàwó mi jí, ó ní, “Bàbá, kí ló dé?” N kò rí ohùn fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ₦10,000 ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìjọ wa. Owó fẹ̀yìntì mi, ẹ mọ bó ṣe kéré tó. N kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí Derna. Bí ẹ bá ka òkú, ti Derna fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti Màídúgùrì lọ. Dáàmù ló já níbí, dáàmù ló já lọ́hùn-ún, òru ni méjèèjì, rédíò kan náà ló sì sọ ọ́ fún mi. Kò sígbà tí ẹsẹ̀ mi tẹ Derna rí, àṣé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi ti rìn nìkan ni àánú mi mọ̀ ọ́n rìn.

Nígbà Kérésìmesì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe olùkọ́ ní Kàbà wá kí wa, mo sì fi ojú ewé méjèèjì hàn án. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń fi hàn án. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìka yín sílẹ̀ láti ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn.” Ó ní Adam Smith, ará Scotland, sọ pé bí èèyàn bá mọ̀ pé wọn ó gé ọmọńdinrín òun lọ́la, kò ní lè sùn lálẹ́ òní, àmọ́ bí ilẹ̀ bá lanu gbé gbogbo ará Ṣáínà mì, bí kò bá ṣáà ti rí wọn rí, yóò sùn, yóò sì hanrun. Mo ní àwọn bàbá wa náà sọ ọ́: bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Smith kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá sọ fún ẹni náà pé kó fi ẹ̀mí àwọn èèyàn yẹn ra ìka rẹ̀ padà, kò ní gbà láéláé, torí ẹ̀rí ọkàn wà nínú rẹ̀ tí yóò bá a wí. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Ó tún dà mí láàmú, torí ẹ̀rí ọkàn tó lè bá mi wí yẹn, níbo ló wà lálẹ́ ọjọ́ Derna?

Ọmọ náà tún sọ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2007. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní dọ́là 5 fún iṣẹ́ kékeré kan, wọ́n wá ní kí wọ́n mú ohun tó wù wọ́n níbẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa ní Áfíríkà. Àwọn kan, fọ́tò ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje kan láti Málì ni wọ́n rí, Rokia lorúkọ rẹ̀. Àwọn kan, iye àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n kà, mílíọ̀nù báyìí níbí, mílíọ̀nù báyìí lọ́hùn-ún. Bí a bá pín owó náà dọ́gba-dọ́gba, àwọn tó rí ọmọ náà mú dọ́là 2.38 wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ka iye mú 1.14. Ìkẹta ló yà mí lẹ́nu jù: nígbà tí wọ́n fi iye ti ojú ọmọ náà, owó já wálẹ̀ sí 1.43. Òǹkà yẹn ló bo ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n títí dé orí sẹ́ńtì.

Láti ìgbà náà, mo máa ń tẹ́tí sí bí oníròyìn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti iye òkú bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró kí ohùn ẹnì kan tó dé, mi ò sì ń yí ibùdó padà kó tó dé. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025 tí omi gbé Mókwá, tó pa èèyàn tó lé ní 200, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mókwá kò jìnnà sí wa, mo sì ti bá ọkọ̀ ojú irin kọjá níbẹ̀ nígbà èwe. Ó dùn mí, kò dùn mí tó ti Màídúgùrì. Mo ń sọ òtítọ́ ni.

Mo rò pé mo ti ń gbọ́n. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn Mókwá.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá mi kọ ebè, tó wá láti Bẹ́núè. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló ti wà ní àdúgbò wa. Gbogbo ilé ń pè é ní Ọmọ Bẹ́núè. Lálaalẹ́ ló máa ń gbé fóònù rẹ̀ wá kí n kì í mọ́ ẹ̀yìn rédíò, torí kò níbòmíì tó lè ti ṣáàjì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ ó máa ń wá mú un, èmi ó ní, “Okun o,” òun náà ó ní, “Okun o, Bàbá.” Ọ̀rọ̀ Yàgbà àkọ́kọ́ tó kọ́ nìyẹn.

Ní òru 13 oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n kọlu ìlú Yelwata ní Guma, ní ìpínlẹ̀ Bẹ́núè. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú, wọ́n sun àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n sùn sí. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni, “Bẹ́núè, ìpànìyàn. Ohùn ń lọ ń bọ̀.” Fóònù ọmọ náà wà lẹ́yìn rédíò bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Láàárọ̀ ó wá mú fóònù rẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn, mo sì gbé àdá mi. Ìyàwó mi ló rí i pé ọmọ náà kò kúrò lójú kan, pé ó ń pe nọ́ńbà kan náà léraléra, ó sì ń wo fóònù náà bí ẹni tó fẹ́ wo inú rẹ̀. Ó bi í pé, “Ọmọ mi, ta lò ń pè?” Ó ní ìyá òun ni. Guma ni wọ́n ti wá.

Ẹ gbà mí o. Oṣù méje ó lé. Mo mọ iye ebè tí ọmọ yìí ń kọ lójúmọ́. Mo mọ iye tó máa gbà bí mo bá dúnàádúrà dáadáa. Torí àwọn ajínigbé tó ti da ọ̀nà wa rú, a kì í gba àlejò láìwo káàdì rẹ̀, mo sì ti wo tirẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wo fọ́tò, mo wo ojú rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rédíò yẹn kan náà, mo dá káàdì padà. N kò bi í pé ilé ńkọ́. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi onílé ni n kò ríran. Màídúgùrì tí mo ti kúrò láti 1989 sún mọ́ mi ju ẹni tó ń fọwọ́ kan fèrèsé mi lálaalẹ́ lọ.

Ọjọ́ kẹta ló tó rí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ó ti sá lọ sí Màkúdí kí wọ́n tó dé. Àbúrò ìyá rẹ̀ kò ríbi sá. Nígbà tó sọ ọ́ fún wa, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kò ju “Okun o” lọ. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ wa: òun la fi ń kí ẹni tó jí, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀. Mo ti ń jù ú sí i láràárọ̀ bí ẹni ju àgbàdo sádìyẹ. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó tì í. Ó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é fún mi. Tirẹ̀ ni, n kò ní kọ ọ́ síbí, àmọ́ òun la fi ń pè é nílé wa báyìí.

Ó yẹ kí n padà sórí rédíò. Bí ẹ bá fẹ́ rà á nítorí àtiṣáàjì fóònù, ẹ mọ̀ pé ó máa ń mu bátìrì rẹ̀ gan-an. Bí bátìrì bá kún, yóò gbé fóònù kékeré dé ìdajì, lẹ́yìn ìyẹn rédíò kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ àfi bí ẹ bá yí i. Ọwọ́ nìkan kò lè ṣáàjì fóònù kankan dójú àmì. Mo yí i fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ kan, èyí tí a rí kò ju ohun tó tó ìpè kúkurú kan lọ. Ẹ di ìdè ọwọ́ rẹ̀ kó le lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ó má baà há yín níka. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní shortwave, torí àwọn tuntun kan tó ń wọ ọjà báyìí kò ní in, FM nìkan ni wọ́n ń gbé, ohùn ìtòsí nìkan lẹ ó sì máa gbọ́. Mo gbọ́ pé ó ti ju ₦20,000 lọ báyìí. Bí tèmi bá bàjẹ́ lọ́la, n ó rà á.

Nílé tiwa, fóònù ló ń kọ́kọ́ ṣáàjì báyìí, ìròyìn ló ń tẹ̀lé e. Ìwé mi ti alẹ́ àná kà báyìí: “Haúsá, n kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohùn mọ́. Fóònù dé ìdajì. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó béèrè ìyàwó mi.”